Awẹ́-Gbólóhùn tí ó Sọnù: Lámèyítọ́ Àwọn Ètò Kọ̀ǹpútà fún Àsọtẹ́lẹ̀ Ìrìn àti Ìgbòkègbodò Ọkọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ ìṣètò ìlú ń lò láti sọ iye ìrìn tí àwọn ará ìlú yóò rìn lọ́jọ́ iwájú, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, àti bí ọkọ̀ yóò ṣe máa lọ lójú pópó. Ó tọ ipasẹ̀ àwọn ètò náà láti Detroit àti Chicago ní àwọn ọdún 1950 títí dé orí àwọn ètò aṣàfarawé tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ó sì fi gírámà Yorùbá àti ìhun ẹsẹ Ifá ṣe òṣùwọ̀n láti gbé wọn yẹ̀ wò. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé gbólóhùn oníbọ̀ ni gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, ṣùgbọ́n olórí awẹ́-gbólóhùn nìkan ni ó sábà máa ń dé etí ìlú. Àpẹẹrẹ ìlú Èkó ni ó gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìmọ̀ràn lórí bí awẹ́-gbólóhùn tí ó sọnù ṣe lè padà sí ipò rẹ̀.

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú òwe yìí. Èkíní ni pé ó tọ́ kí ènìyàn wádìí ọ̀la kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọbi ara sí, ni pé ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó, nítorí pé ayé ń yí, ohun tí ó rí báyìí lánàá sì lè yàtọ̀ lónìí.

Àwọn ìjọba òde òní náà ní ohun tí wọ́n fi ń wádìí ọ̀la. Kí wọ́n tó kọ́ afárá, kí wọ́n tó tẹ́ ojú irin, kí wọ́n tó fẹ òpópónà, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé: ènìyàn mélòó ni yóò máa gba ibẹ̀ ní ogún ọdún sí i? Ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń dáhùn ìbéèrè yìí. Lára àwọn tí wọ́n lókìkí ni EMME tí wọ́n ṣe ní Montreal, SATURN tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Leeds, VISUM àti VISSIM láti Karlsruhe, àti SUMO àti MATSim tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsanwó. Iye kan ni ó máa ń jáde lẹ́yìn iṣẹ́ wọn, iye náà ni wọ́n sì ń gbé lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ ìjọba àti báńkì. Òun ni ó ń pinnu bóyá owó yóò jáde. Òun náà ni ó sábà máa ń wà nídìí ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kọ àmì sára ilé tí wọn yóò wó.

Lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ máa ń béèrè nípa ìwé pé: ta ni ó kọ ọ́? Ojú ta ni ó fi wo ayé? Kí ni ó sọ, kí ni ó sì dákẹ́ lé lórí? Ènìyàn ni ó kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ó ní ìtàn, ó ní ojú ìwòye, ó sì ní ohun tí ó dákẹ́ lé lórí. Ìdí nìyí tí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí fi tọ́ sí òun náà. Iṣẹ́ yìí kò tako ìlò ètò kọ̀ǹpútà. Aláṣẹ tí kò bá ṣe ìṣirò kankan yóò kàn fi ojú díwọ̀n ni, ìfojúdíwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo sì lè burú ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Bí ó ṣe yẹ kí ìlú ka ohun tí ètò náà sọ ni kókó iṣẹ́ yìí.

Gírámà ni ó pèsè òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Nínú gbólóhùn oníbọ̀ bíi "Bí òjò bá rọ̀, ọjà yóò tú", olórí awẹ́-gbólóhùn ni "ọjà yóò tú". Awẹ́-gbólóhùn afarahẹ ni "bí òjò bá rọ̀". Bí ẹnì kan bá gbé olórí awẹ́-gbólóhùn nìkan kiri ìlú pé ọjà yóò tú, kò purọ́ ní ojú lásán, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Síbẹ̀, ó ti sọ ohun tí ó wà lábẹ́ àdéhùn di ìròyìn. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àsọtẹ́lẹ̀ inú kọ̀ǹpútà nìyí. Ó yẹ kí ó di mímọ̀ pẹ̀lú pé "ìrìn" ni iṣẹ́ yìí mọ̀-ọ́n-mọ̀ lò dípò "ìrìnàjò". Ìdí rẹ̀ yóò hàn ní ìpín 6.0.

2.0 Orírun Àwọn Ètò Náà

Láàárín 1953 sí 1955 ni wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ìgbòkègbodò ọkọ̀ ní agbègbè Detroit ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ìdarí J. Douglas Carroll. Ní 1955, Carroll kọjá sí Chicago láti darí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ìwé àbọ̀ rẹ̀ alápá mẹ́ta sì jáde láàárín 1959 sí 1962. Àwọn olùwádìí ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè ibi tí olúkúlùkù lọ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ìdí tí ó fi lọ àti ohun tí ó wọ̀ lọ. Wọ́n lu ìdáhùn wọ̀nyí sára káàdì, wọ́n sì gbé e fún ẹ̀rọ. Ní Chicago, wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Cartographatron, èyí tí ó ń fi ìlà ìmọ́lẹ̀ ya ìrìn kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ó parí sí. Báyìí ni ìlú ńlá kan ṣe di àwòrán ìmọ́lẹ̀ tí aláṣẹ lè wò láti orí àga rẹ̀.

Òfin ni ó sọ ọgbọ́n yìí di dandan. Òfin 1956 ti pèsè owó fún òpópónà márosẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà. Òfin mìíràn ní 1962 wá sọ pé ìlú tí iye ènìyàn rẹ̀ bá ju 50,000 lọ kò ní rí owó ìjọba àpapọ̀ gbà fún òpópónà lẹ́yìn 1 Oṣù Keje, 1965, àyàfi bí ó bá ní ètò ìgbòkègbodò tí ó ń lọ déédéé, tí ó kárí gbogbo nǹkan, tí àwọn aláṣẹ sì jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ pín àkójọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní UTPS fún àwọn ìlú. Láti ibẹ̀ ni ìlànà kan náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn.

Ẹni bíni ni à á jọ. Ìbéèrè tí ó bí àwọn ètò yìí ni pé: níbo ni kí òpópónà gbà, báwo sì ni yóò ṣe fẹ̀ tó? Nítorí náà, ọkọ̀ àti àkókò tí awakọ̀ yóò jèrè ni ojú wọn kọ́kọ́ là sí. Ìrìn ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan nínú wọn. Ní Detroit yìí kan náà, òpópónà Chrysler gba orí Black Bottom àti Paradise Valley kọjá, àwọn àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé tí wọ́n sì ti ń ṣòwò. Kì í ṣe ètò kọ̀ǹpútà ni ó yan ọ̀nà náà, nítorí pé wọ́n ti ń gbèrò rẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ètò tí ó ní àyè láti kọ ìṣẹ́jú tí awakọ̀ jèrè sí, tí kò sì ní àyè kankan fún ṣọ́ọ̀bù tí ó wó tàbí aládùúgbò tí ó fọ́n ká, kò lè kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdákẹ́ rẹ̀ á wá dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó sọnù.

3.0 Ìgbésẹ̀ Mẹ́rin àti Àwọn "Bí" tí ó Wà Nínú Wọn

Orí ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ètò àsọtẹ́lẹ̀ dúró lé. Wọ́n á kọ́kọ́ pín ìlú sí ẹkùn kéékèèké. Ìgbésẹ̀ kìíní ni láti ṣírò iye ìrìn tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan yóò bí àti iye tí yóò fà wọlé, gẹ́gẹ́ bí iye ilé, iye ọkọ̀ àti iye iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ kejì ni láti so ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ibi tí ó ń lọ. Òfin òòfà tí Newton fi ṣàlàyé bí oòrùn ṣe ń fa ayé ni wọ́n yá lò níbí: ọjà tí ó tóbi a máa fa èrò púpọ̀, jíjìn ọ̀nà a sì máa dín èrò kù. Ìgbésẹ̀ kẹta ni láti pín àwọn èrò sí ohun tí wọn yóò wọ̀, ìbáà ṣe ọkọ̀ ara ẹni, bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin. Ìgbésẹ̀ kẹrin ni láti fi wọ́n sí ojú ọ̀nà.

Òwe tí ó sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà bá ìgbésẹ̀ kẹrin yìí mu gan-an. Ní 1952, J. G. Wardrop ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé bí olúkúlùkù awakọ̀ bá ń wá ọ̀nà tí yóò tètè gbé e dé ibi tí ó ń lọ, wọn yóò máa pín ara wọn sí ojú ọ̀nà títí tí kò fi ní sí ẹni tí yóò jèrè bí òun nìkan bá yí ọ̀nà padà. Kọ̀ǹpútà á máa ṣírò, á sì máa tún un ṣírò, títí yóò fi sún mọ́ ipò ìdọ́gba yìí. Iṣẹ́ tí ojú lásán kò lè ṣe ni. Ní 1968, Dietrich Braess, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, fi hàn láti inú irú ìrònú yìí pé fífi ọ̀nà tuntun kún èyí tí ó wà nílẹ̀ lè mú kí ìrìn gbogbo ènìyàn pẹ́ sí i, nítorí pé gbogbo wọn ni yóò rọ́ lọ sí ibẹ̀. Ìlànà tí ó lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ jáde yẹ fún ìyìn.

Àléébù rẹ̀ wà nínú ìlànà ìṣirò tí ó ń sọ bí ìrìn yóò ṣe pẹ́ tó bí ọkọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí Bureau of Public Roads ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1964. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà ti wí, bí iye ọkọ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú agbára ọ̀nà, àkókò ìrìn yóò fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i; bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfikún náà yóò máa ga kíákíá. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀nà kan gba ìṣẹ́jú 10 nígbà tí ó bá dá, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 2,000 ọkọ̀ ní wákàtí kan. Bí 2,000 ọkọ̀ bá wọ̀ ọ́, ìṣirò náà yóò sọ pé ìṣẹ́jú 11 àti ààbọ̀ ni. Bí 4,000 bá wọ̀ ọ́, yóò sọ pé ìṣẹ́jú 34 ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 2,000 kò lè gba 4,000 kọjá láàárín wákàtí kan. Àwọn 2,000 ìyókù yóò tò sẹ́yìn ni, ìtò náà yóò sì dí oríta tí ó wà lẹ́yìn wọn, títí kan àwọn tí kò tilẹ̀ fẹ́ gba ọ̀nà náà. Lórí ìwé, gbogbo wọn ti kọjá. Lójú pópó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni.

Àwọn "bí" mìíràn farapamọ́ sínú ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà: bí iye ènìyàn bá rí bí a ti kà á, bí owó epo kò bá yí padà, bí àwọn ilé iṣẹ́ bá dúró sí ibi tí wọ́n wà. Èyí tí ó tíì ná ìlú lówó jù nínú wọn ni pé bí wọ́n bá la ọ̀nà tuntun, iye ìrìn kò ní yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùṣètò òpópónà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣírò èrè ọ̀nà tuntun lórí èyí. Ní 1994, ìgbìmọ̀ SACTRA tí ó ń gba ìjọba ibẹ̀ nímọ̀ràn jẹ́rìí pé kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀nà tuntun a máa bí ìrìn tuntun, pàápàá níbi tí ọ̀nà ti há tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tẹ́lẹ̀ yóò jáde. Ẹni tí ó ń gbé nítòsí ibi iṣẹ́ yóò kó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Èrè tí ìṣirò ti kà sílẹ̀ yóò wá jò dànù.

4.0 Láti Ìṣirò sí Àfarawé

Àwọn ètò aṣàfarawé gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò fi gbogbo èrò ṣe àpapọ̀ iye. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tọ́jú, tí wọ́n sì ń sún un síwájú ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. VISSIM dúró lé orí iṣẹ́ tí Rainer Wiedemann gbé jáde ní 1974 ní Karlsruhe, níbi tí ó ti ṣàlàyé bí awakọ̀ ṣe ń ṣe sí ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀. Ní 1992, Kai Nagel àti Michael Schreckenberg fi hàn pé ohun kékeré tó láti ṣe irú àfarawé yìí. Wọ́n pín ojú ọ̀nà sí àpótí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 7.5. Òfin mẹ́rin péré ni ọkọ̀ ń tẹ̀ lé: kí ó sáré sí i bí àyè bá wà, kí ó dẹ̀rẹ̀ bí ẹlòmíràn bá wà níwájú, kí ó ṣèèṣì dẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìnídìí, kí ó sì lọ. Láti inú òfin mẹ́rin yìí ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ń hù jáde fúnra rẹ̀, láìsí ìjàǹbá, láìsí kòtò.

Ìrírí jẹ́rìí sí i. Ní 2008, Yuki Sugiyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé àbájáde ìdánwò kan jáde, nínú èyí tí ọkọ̀ 22 ń yí ojú ọ̀nà róbótó kan tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 230. Wọ́n ní kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan máa sáré bákan náà. Láìpẹ́, àwọn kan dúró, ìdúró náà sì ń padà sẹ́yìn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ìmọ̀ yìí ní àǹfààní fún ìlú: ẹni tí ó ti há sójú ọ̀nà máa ń wá ẹni tí yóò bú, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kan pàtó.

Síbẹ̀, ewu kan wà nínú àfarawé tí kò sí nínú tábìlì ìṣirò. Àwòrán máa ń yíni lérò padà. Aláṣẹ tí ó bá rí ọkọ̀ kéékèèké tí ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú kọ̀ǹpútà yóò rò pé ọ̀la ni òun ń wò. Kò ní rántí pé kòńgẹ́ wà nínú òfin kẹta tí Nagel àti Schreckenberg ṣe, àti pé bí ètò náà bá tún sáré lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú kòńgẹ́ mìíràn, ìgbòkègbodò náà lè rí bí ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń sáré rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ọrọọrún náà ni èyí, ṣùgbọ́n eré ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gbé han àlejò.

5.0 Ohun tí Wọ́n Sọ àti Ohun tí ó Ṣẹlẹ̀

Ní 2005, Bent Flyvbjerg, Mette Skamris Holm àti Søren Buhl gbé ìwádìí kan jáde lórí iṣẹ́ 210 ní orílẹ̀-èdè 14. 27 nínú wọn jẹ́ ti ojú irin, 183 jẹ́ ti òpópónà. Nínú iṣẹ́ ojú irin mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni àsọtẹ́lẹ̀ wọn ti pọ̀ ju èrò tí ó wọ̀ ọ́ lọ, àpọ̀jù náà sì jẹ́ 106 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpíndọ́gba. Ní ti òpópónà, ìdajì wọn ni ìyàtọ̀ ti ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, yálà sókè tàbí sílẹ̀. Wọn kò sì rí àmì pé àsọtẹ́lẹ̀ náà ń péye sí i láàárín ọgbọ̀n ọdún tí ìwádìí náà kárí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti yára ní ìlọ́po-ìlọ́po láàárín àkókò yẹn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ojú irin àti òpópónà yìí yẹ fún àkíyèsí. Aláìmọ̀kan a máa ṣì sókè, a máa ṣì sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣì sí apá kan ṣoṣo ní ohun tí ó ń fà á síbẹ̀. Àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí ìfẹ́ inú àwọn tí ó fẹ́ kí iṣẹ́ jáde. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ṣì nìkan. Ẹni tí ó ń yan "bí" tí wọn yóò bọ́ sínú ẹ̀rọ náà ní ìpín tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ rere kò ṣàìsí. Kí ọkọ̀ ojú irin BART tó kárí agbègbè San Francisco ní àwọn ọdún 1970, àsọtẹ́lẹ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ aláṣẹ wá sọ pé 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Daniel McFadden àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi òfin òòfà ẹkùn sí ẹkùn ṣírò tiwọn. Bí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ṣe ń yan ohun tí yóò wọ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì sọ pé 6.3 ni yóò jẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ jẹ́ 6.2. McFadden gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2000, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé kòńgẹ́ ní ọwọ́ díẹ̀ nínú ìpéye náà. Ìrẹ̀lẹ̀ yìí jẹ́ apá kan ìmọ̀ rẹ̀. Ohun pàtàkì ni pé ó padà lọ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí òun sọ.

Ní Brisbane, ní Australia, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ Clem7, tí awakọ̀ ń sanwó kí ó tó gbà á, ṣí ní Oṣù Kẹta 2010. Iye ọkọ̀ tí ó ń gbà á kò tó ìdajì ohun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín sì wọ gbèsè tí kò lè san. Àwọn tí ó fi owó sí i pe àwọn tí ó ṣe àsọtẹ́lẹ̀ lẹ́jọ́, wọ́n sì rí owó ńlá gbà kí ẹjọ́ tó parí. Olówó rí ilé ẹjọ́ lọ nítorí pé wọ́n kọ iye tí wọ́n ṣèlérí fún un sínú ìwé. Ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ nítorí èrò tí kò wá kì í sábà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ibí ni ìhun ẹsẹ Ifá ti wúlò fún àfiwé. Nínú apá mẹ́jọ tí Wándé Abímbọ́lá fi hàn nínú ìhun náà, orúkọ babaláwo tí ó dÍfá àti orúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi dá a. Ẹbọ tí wọ́n yàn wà níbẹ̀. Bóyá olùdáfá rú u tàbí kò rú u wà níbẹ̀. Ohun tí ó sì padà ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé àsọtẹ́lẹ̀, àdéhùn rẹ̀ àti àbọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹsẹ kan náà, ẹni tí ó bá ń kọ́ Ifá á sì kọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìwé àbọ̀ kọ̀ǹpútà sábà máa ń dúró síbi ohun tí wọ́n sọ. Lẹ́yìn ogún ọdún, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, ẹni tí ó sọ ọ́ ti lọ, ìwé náà sì ti wọ àjà.

6.0 Ìlú Èkó Gẹ́gẹ́ Bí Ìdánwò

Èkó ni ibi tí àwọn "bí" wọ̀nyí ti le jù. Láti 2002 tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti dá àjọ LAMATA sílẹ̀ láti ṣètò ìgbòkègbodò ọkọ̀, àsọtẹ́lẹ̀ ti di apá kan iṣẹ́ ìlú. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni iye ènìyàn. Nínú ètò ìkànìyàn 2006, àjọ ìjọba àpapọ̀ sọ pé àwọn ará ìpínlẹ̀ Èkó lé ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù 17. Ètò ìkànìyàn tí ó yẹ kí ó wáyé ní 2023 sún síwájú. Ìgbésẹ̀ kìíní nínú ìgbésẹ̀ mẹ́rin dúró lé orí iye yìí. Ẹni tí ó bá mú iye kan yóò kọ́ afárá, ẹni tí ó bá mú èkejì yóò kọ́ afárá méjì, kọ̀ǹpútà kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti èdè, ó sì kan olùkọ́ Yorùbá tààrà. Bí olùwádìí bá wọ agbo ilé kan ní Mushin, tí ó sì bi ìyá ọlọ́jà kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ rin ìrìnàjò lánàá?", ìyá náà yóò dáhùn pé rárá. Òtítọ́ ni ó sọ. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó re àjò ti kúrò nílùú. Ẹni tí ó lọ sí Mile 12 ra tòmátì kò re àjò. Síbẹ̀, ìyá yìí lè ti lọ sí Mile 12 ní ìdájí, kí ó gbé ẹrù dé ìsọ̀ rẹ̀, kí ó lọ mú ọmọ ní ilé ìwé, kí ó sì lọ sí ìsọ́ òru. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni "Níbo ni ẹ lọ lánàá?", kí olùwádìí sì tẹ̀ lé e láti ibì kan dé ibì kejì. Ìdí nìyí tí "ìrìn" fi yẹ ju "ìrìnàjò" lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọn kò tú dáadáa lè yọ ìrìn gbogbo obìnrin ọjà kúrò nínú ìṣirò.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ gbogbo ibi tí ìyá náà lọ sílẹ̀, ìlànà ìgbésẹ̀ mẹ́rin yóò gé ọjọ́ rẹ̀ sí ìrìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Yóò gbàgbé pé ẹni tí ó gbé agbọ̀n tòmátì ní ìdájí kò lè wọ ọkọ̀ tí kò gba ẹrù, àti pé ọmọ tí ó fẹ́ mú ni ó sọ wákàtí tí yóò kúrò ní ìsọ̀. MATSim sàn jù ní apá yìí, nítorí pé ètò ọjọ́ kan látòkèdélẹ̀ ni ó ń gbé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ béèrè ètò ọjọ́ náà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà.

Dáńfó ni ìṣòro kẹta. Ọ̀pọ̀ ètò rò pé bọ́ọ̀sì ní àsìkò tí yóò gbéra, iye owó kan àti ibi ìdúró kan. Dáńfó a máa gbéra nígbà tí ó bá kún; owó rẹ̀ a máa lé bí òjò bá rọ̀; ó lè já èrò sílẹ̀ láàárín ọ̀nà kí ó sì yí padà. Àwọn ètò bíi SUMO àti VISSIM ti ní àyè fún ọkọ̀ tí kò tẹ̀ lé ìlà ojú ọ̀nà àti fún alùpùpù tí ń gba àárín ọkọ̀ méjì, nítorí náà kò tọ́ láti sọ pé ẹ̀rọ kò lè rí Èkó. Ohun tí ó kù ni kí ẹnì kan dúró sí Ojúẹlẹ́gbà kí ó wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n, iye tí wọ́n wọ̀n ní Karlsruhe ni ètò náà yóò fi wa dáńfó.

Ìkẹrin ni àṣẹ ìjọba. Ní 1 Oṣù Kejì, 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ní Oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó epo sì fò sókè. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2010, kò gbé èrò títí di Oṣù Kẹsàn-án 2023. Ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn jẹ́ "bí" kan tí ó já. Àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú wọn kò di irọ́. Ó kàn di ọ̀rọ̀ nípa ìlú mìíràn tí kò sí mọ́.

Èkó sì ní ẹ̀rí tí ó fi hàn pé èrò wà níbi tí ojú tí ó ń ka ọkọ̀ ara ẹni nìkan kò lè rí i. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní 17 Oṣù Kẹta, 2008, ọ̀nà rẹ̀ gùn ní kìlómítà 22. Láìpẹ́, iye èrò rẹ̀ lóòjọ́ ti sún mọ́ 200,000. Àwọn èrò wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Inú dáńfó àti mólúè ni wọ́n ti wà.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àwọn ètò kọ̀ǹpútà fún àsọtẹ́lẹ̀ ìrìn kì í ṣe ọ̀tá ìlú, wọn kì í sì í ṣe wòlíì. Wọ́n lè rí ohun tí ojú kò rí, gẹ́gẹ́ bí Braess ti fi hàn. Wọ́n sì lè fọ́jú sí ohun tí ọmọdé rí, bíi ìyá tí ó gbé agbọ̀n lórí. Gbólóhùn oníbọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ awẹ́-gbólóhùn afarahẹ kúrò kí ọ̀rọ̀ náà lè rọrùn fún aláṣẹ láti sọ, kí ó sì ṣòro fún ará ìlú láti bi í léèrè.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ ní ṣíṣe. Èkíní, kí wọ́n tẹ gbogbo "bí" pọ̀ mọ́ iye, ní èdè tí àwọn tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà náà gbọ́, kí ó tó di pé ọ̀dà pupa dé ara ògiri. Èkejì, kí wọ́n tọ́jú àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é, kí wọ́n sì fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kún un lẹ́yìn ọdún márùn-ún àti ọdún mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ Ifá ti máa ń ṣe. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tún un ṣe nígbàkúgbà tí "bí" pàtàkì kan bá já. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá pẹ̀lú: ìbéèrè tí olùwádìí yóò bi ará ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ará ilé gbọ́ ní ìtumọ̀ tí olùwádìí ní lọ́kàn, akẹ́kọ̀ọ́ gírámà sì lè ṣe é ju onímọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Babaláwo tí ó ń dÍfá ọrọọrún kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé Ifá àná purọ́. Ó ń ṣe é nítorí pé ọjọ́ ti lọ, ohun tí Ifá àná dúró lé sì lè ti kúrò níbẹ̀. Ìlú tí ó bá kọ́ afárá ogójì ọdún lórí ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì gbọ́ òwe náà dé ìdí.